Ọjọ́ Tí Àwọn Àna Wa Gbá Bọ́ọ̀lù

Ní agbo ilé wa ní Kàbà, àkùkọ kọ́ ló ń jí wa. Òfì Ìyá Àgbà ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni yóò ti jókòó sídìí rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí òfì náà gbé dúró ṣánṣán ti ògiri bí ilẹ̀kùn tí kò ní ilé, yóò sì máa fi pátákó gbá òwú mọ́ òwú: gbì, gbì, yóò sinmi díẹ̀, gbì. Bí ẹ bá gbọ́ gbì kan tí ẹ kò gbọ́ èkejì, ẹ mọ̀ pé Ìyá Àgbà ń fetí sí nǹkan. Gbogbo wa la mọ ìdákẹ́ yẹn. Bí tọkọtaya bá ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ nínú yàrá, tí òfì sì dákẹ́, kíá ni àwọn náà á rọ ohùn wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn òfì ni ìgbálẹ̀, lẹ́yìn ìgbálẹ̀ ni ìkòkò omi tí a ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá àmù, lẹ́yìn náà ni Bàbá Súlè, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, yóò parí ìrun òwúrọ̀, yóò jáde sí àgbàlá, yóò sì kígbe pé, "Ṣé ẹ ò tíì jí nínú ilé yìí ni? Oòrùn ti rìn dé Ògìdì!" Bẹ́ẹ̀, oòrùn ọ̀hún kò tíì yọ lójú ọ̀run.

Ìyá Àgbà ló bí bàbá mi, òun náà ló bí Bàbá Súlè. Ọ̀kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èkejì ń kírun, ìyá wọn sì ń jẹ ẹran ọdún àwọn méjèèjì láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Iṣu la máa ń jẹ lówùúrọ̀, iyán lálẹ́. Ní àkókò tí iṣu bá ti ń tán nínú abà, tí tuntun kò sì tíì wú, ẹ̀wà àti ẹ̀kọ ni. Mo rántí pé àwọn ìyá wa kì í jẹun títí gbogbo ọkùnrin yóò fi jẹ, ṣùgbọ́n mo rántí pẹ̀lú pé ẹran tó dára jù wà nísàlẹ̀ ìkòkò, ọwọ́ àwọn ìyá wa ló sì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ilé méjì ló wà nínú ilé kan ṣoṣo yẹn. Ìkíní ni ilé àwọn ọmọ tí a bí síbẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin. Ọkọ ni wọ́n ń pe gbogbo wa, títí kan èmi tí mo ṣì ń fi ọwọ́ nu imú. Ìkejì ni ilé àwọn tí wọ́n gbé wá. Ìyá Àgbà, Ògìdì ni wọ́n ti gbé e wá. Ìyá mi, Ìyárá. Ìyàwó àgbà Bàbá Súlè ti Ègbè wá, tàbí kí n sọ pé ó ṣì ń ti Ègbè bọ̀, nítorí títí ó fi kú, bó bá bínú, èdè Ìyàgbà ló fi ń bínú. Ìyá Ìkòyí ni ìyàwó rẹ̀ kékeré, a kò mọ orúkọ mìíràn fún un. Bí òfò bá ṣẹ ọ̀kan nínú wọn, gbogbo wọn á di ọmọ olóòfò. Nígbà tí bàbá ìyá mi kú, gbogbo wọn lọ sí Ìyárá, wọ́n sọkún bí ẹni pé ọkùnrin náà ló bí wọn. Ìyá Àgbà ni olórí wọn, òun náà ló sì kọ́ wọn pé: "Àwa tí wọ́n gbé wá, ìyá kan náà ló bí wa. Ọ̀nà ni orúkọ rẹ̀."

Ọdún tí Ajúwà kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa ni mo ń sọ yìí, láti ọyẹ́ dé òjò. Àbúrò bàbá mi tó kéré jù ló fẹ́ ẹ. Ó ti bá àwọn oníṣòwò lọ sí Góòlù Kóòsì, tó di Gánà báyìí, ó pẹ́ níbẹ̀, a tilẹ̀ ti ń bẹ̀rù pé ó sọnù, àfi lọ́jọ́ kan tí ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú àpótí onírin kan àti obìnrin dúdú gíga kan tí ọrùn rẹ̀ gùn, tí ń rìn bí ẹni tó ru omi bí kò tilẹ̀ ru nǹkan kan. Kùmásí ni wọ́n ti bí i. Ajúwà ni ahọ́n wa lè pe orúkọ rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n dé ni ọkọ rẹ̀ ríṣẹ́ rélùwéè lápá Kafanṣan, ó ní òun á wá mú un tí òun bá ríyàrá, yàrá ọ̀hún kò sì tètè yọjú. Yorùbá tí Ajúwà gbọ́, ti àwọn ará Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ tó ń tajà ní Kùmásí ni, kì í ṣe Owé, èdè Kàbà tiwa. Bí ó bá kí wa, a ó rẹ́rìn-ín. Bí a bá kí i ní "Okun o", á máa wò wá bí ẹni tí wọ́n ju òkúta sí, títí ó fi mọ̀ pé ìkíni ni. Ó máa ń se ewé kókò ní ọbẹ̀, àwọn ọmọ ilé á sì máa bi í bóyá ewúrẹ́ ni baba rẹ̀ ń sìn. Èmi ni ó máa ń pè ní "ọkọ mi eléyín-funfun", nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, mo sì máa ń fi eyín náà hàn káàkiri àdúgbò.

Ẹ̀sín ewé kókò kò dun Ajúwà. Èyí tó dùn ún jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ní ìlú wa nígbà náà, kí aya tó pé láya, àwọn ènìyàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ilé ọkọ. A ó bu omi fún wọn, a ó fún wọn lóbì, gbogbo ọkùnrin ilé á dọ̀bálẹ̀, ìbáà ṣe ọmọdé ni àna ọ̀hún. Bí òjò bá sì rọ̀, gbogbo ọkùnrin ilé á gbé ọkọ́, wọ́n á lọ ṣe ọ̀wẹ̀ lóko àna. Wọ́n á kọ ebè fún baba ìyàwó títí ẹ̀yìn wọn á fi kígbe. Obìnrin tí wọ́n ti dọ̀bálẹ̀ fún ará ilé rẹ̀, tí wọ́n ti ro oko baba rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí i lófo. Ajúwà kò ní èyíkéyìí nínú rẹ̀. Àbúrò bàbá mi obìnrin, Àǹtí Fátí, tó lọ́kọ sítòsí ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ilé wa ló ti ń jẹun ọ̀sán, ló máa ń rán an létí. Lọ́jọ́ kan tí Ajúwà gbàgbé láti gbé omi ìwẹ̀ fún un, ó ní, "Aya ojú ọ̀nà! Aya tí a ṣa bí ẹni ṣa igi ìdáná! Ta ni ká fẹjọ́ rẹ sùn? Taa la mọ̀ nínú àwọn tó bí ọ?" Ajúwà lọ gbé omi náà wá.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni àwọn nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí padà sọ́dọ̀ àwọn tó ni wọ́n. Ajúwà dá asẹ́ padà fún Ìyá Ìkòyí. Ó dá ìkòkò kékeré padà fún ìyá mi, ó ti fi iyanrìn fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Ìyá Àgbà kò kúrò nídìí òfì, ṣùgbọ́n òfì dákẹ́. Èmi ni mo ń bá a ká òwú lọ́jọ́ náà, nítorí náà ohun tí mo ń sọ yìí, etí ara mi ni mo fi gbọ́ ọ.

"Ajúwà," ó ní, "ṣé asẹ́ yẹn ti ya ni?"

"Kò ya, Ìyá."

"Ọkọ̀ ta ni o fẹ́ bá lọ?"

Ajúwà wolẹ̀. "Ti Mọ́mọ̀, tó ń ná Ìlọrin. Ó ní lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Àwọn oníṣòwò Kùmásí wà ní Ìlọrin, mo mọ̀ wọ́n."

"Ṣé wọ́n nà ọ́ ni?"

"Wọn ò nà mí. Wọn ò febi pa mí. Ilé yín dára, Ìyá. Ṣùgbọ́n bí mo bá kú lónìí, ta ni ẹ ó ránṣẹ́ sí? Kò sí ẹnìkan nínú àwọn tó bí mi tí ohùn rẹ̀ ti dún nínú àgbàlá yìí rí. Bí mo bá ń lọ láàárín yín, ó dà bí ẹni pé ojú ọ̀run ni mo ti já bọ́."

Mo rò pé Ìyá Àgbà yóò bẹ̀ ẹ́. Kò bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Tò," bí àwọn Hausa ṣe ń wí pé ó dára, ó sì gbá òwú lẹ́ẹ̀kan: gbì. Nígbà tí mo dàgbà mo bi ìyá mi léèrè ìdí tí kò fi bẹ̀ ẹ́. Ìyá mi ní, "Kí ni kó fi bẹ̀ ẹ́? Òtítọ́ lọmọbìnrin náà sọ. A kì í fi ẹ̀bẹ̀ dí ihò ògiri." Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, mo rí i pé oúnjẹ kì í lọ tán nínú àwo Ìyá Àgbà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí bọ́ọ̀lù dé. Tíṣà, àkọ́bí Bàbá Súlè, tó ń kọ́ni nílé ìwé míṣọ̀n, ló ra rédíò, rédíò náà ló kọ́kọ́ wọ agbo ilé wa. Bátìrì rẹ̀ tó búlọ́ọ̀kù kan, wáyà kan sì jáde lójú fèrèsé lọ so mọ́ igi ìbẹ́pẹ. Ó sọ fún wa pé lọ́dọọdún ni àwọn àṣàyàn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà àti ti Góòlù Kóòsì máa ń pàdé du ife, pé ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún ní Ákírà ni wọ́n ti máa gbá a lọ́tẹ̀ yìí, àti pé a ó gbọ́ ọ bó ṣe ń lọ, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Ẹ rántí pé lápá Àríwá ni ìjọba kó wa sí nígbà náà. Bí a bá dé Ìbàdàn, wọ́n á ní ará òkè ni wá, bí a bá dé Kàdúná, wọ́n á ní Yorùbá ni wá. N kò rò pé ẹnikẹ́ni nínú ilé wa ti jókòó ro ohun tí Nàìjíríà jẹ́ títí di ọjọ́ tí Tíṣà sọ pé àwọn ọmọkùnrin mọ́kànlá wà tí wọ́n ń sáré lórúkọ wa. Bàbá Súlè, tí kò gbá bọ́ọ̀lù rí àfi ọsàn tó bọ́ sílẹ̀, gbà á kanrí. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sí ìgbà tí Ajúwà kọjá tí kò ní wí nǹkan.

"Ìyàwó! Ṣé àwọn ará ilé rẹ ti ń fi epo pa orúnkún? Kí wọ́n pa á dáadáa o!"

"Ẹ kú ọ̀rọ̀, Bàbá."

"A ó gbá wọn títí wọ́n á fi sọ Owé!"

Àwàdà ni lẹ́nu rẹ̀, mo mọ̀. Ọkùnrin tó lẹ́rìn-ín lẹ́nu tó sì lójú àánú ni Bàbá Súlè. Ṣùgbọ́n mo rí bí Ajúwà ṣe ń rìn kúrò níbẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n gbé rédíò jáde sórí àpótí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọkùnrin jókòó sórí ẹní, àwọn aládùúgbò kún ẹnu ọ̀nà, igbá ọtí ọkà wà fún àwọn tó ń mu ún, omi sì wà fún Bàbá Súlè àti àwọn tirẹ̀. Àwọn ìyá wa jókòó lẹ́yìn bí wọ́n ṣe máa ń jókòó. Ajúwà kò jókòó rárá, ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ló dúró sí. Tíṣà yí rédíò, ó hó bí epo gbígbóná, lẹ́yìn náà ohùn ènìyàn rẹpẹtẹ bẹ̀rẹ̀ sí jáde, bí ìgbà tí ọjà pé tí a ń gbọ́ ọ láti orí òkè. Tíṣà ní, "Àwọn ará Ákírà tó wá wòran nìyẹn."

Ìgbà náà ni Ìyá Àgbà dìde. Ó wọ inú yàrá rẹ̀. Nígbà tí ó jáde, ó ti ró aṣọ tó fi ń gbàlejò, igbá omi tútù wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, àwo obì lọ́wọ́ òsì. Ó gba àárín àwọn ọkùnrin kọjá, ó kúnlẹ̀ tòun ti ọjọ́ orí rẹ̀, ó gbé omi ka iwájú rédíò, ó gbé obì tì í.

Ẹ̀rín bú. Bàbá Súlè ní, "Hàbà, Ìyá! Òùngbẹ ń gbẹ àpótí ni?"

Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. "Súlè, ohùn àwọn wo nìyẹn?"

"Ti àwọn ará Góòlù Kóòsì."

"Ta ni a gbé níyàwó níbẹ̀?"

Bàbá Súlè yíjú wo ẹnu ọ̀nà yàrá Ajúwà.

"Ohùn àna mi wọ inú ilé mi fún ìgbà àkọ́kọ́," Ìyá Àgbà wí, "o ní kí n má bu omi fún wọn?"

Tíṣà, tí ìwé ti wọ̀ lára, gbìyànjú. "Ìyá Àgbà, Kùmásí kọ́ ni Ákírà o. Èdè wọn tilẹ̀ yàtọ̀."

"Ìwọ Tíṣà, nígbà tí o dé Kàdúná, ṣé wọ́n bi ọ́ bóyá Kàbà ni ọ́ tàbí Ìyárá?"

"Wọn ò bi mí."

"Ó dára. Jókòó. Tàbí kí o dìde ná. Ṣé bí a ṣe ń rí àna nìyẹn, lórí ìdí?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan láyé, n kò rí irú rẹ̀ mọ́. Bàbá Súlè wo ojú ìyá rẹ̀, ó rí i pé kì í ṣe eré. Ó bọ́ fìlà rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rédíò, agbádá rẹ̀ sì tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin àna wa. Ẹ kú ọ̀nà jíjìn." Bàbá mi tẹ̀lé e. Tíṣà yọ gíláàsì rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Gbogbo wa tí a jẹ́ ọmọ ilé kúnlẹ̀, Àǹtí Fátí náà kúnlẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Nínú rédíò, àwọn ará Ákírà hó yèè, bí ẹni pé wọ́n rí wa.

Ìṣòro kan wà. Nígbà tí a bá kí àna, ará ilé ìyàwó ló gbọ́dọ̀ dáhùn. Ìyàwó fúnra rẹ̀ kì í dáhùn. A wà lórí ilẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kí a dìde. Ìyá mi ló kọ́kọ́ dìde láàárín àwọn obìnrin. Ó fa ẹní rẹ̀, ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá Ajúwà, ó jókòó síbẹ̀. Ìyá Ìkòyí tẹ̀lé e. Ìyàwó àgbà Bàbá Súlè tẹ̀lé e, ó sì wo ọkọ rẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ ohun tó ti ń wá láti ọdún pípẹ́. Ìyá mi tún ọ̀fun ṣe. Ó ní, "Ẹ dìde o, ẹ̀yin ọkọ ọmọ wa. Àwa ará Kùmásí ń kí yín. Okun o."

Mo wo Ajúwà. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́nu. Ó yọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ti ògiri títí ó fi jókòó sáàárín wọn. Mo fẹ́ lọ jókòó ti ìyá mi, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà fà mí létí: "Ìwọ, ọkọ ni ọ́. Jókòó sọ́dọ̀ àwọn ọkọ." Òun fúnra rẹ̀ lọ jókòó sọ́dọ̀ àwọn ará Kùmásí.

Ẹnikẹ́ni kò ronú ohun tí omi yẹn yóò fà títí bọ́ọ̀lù fi bẹ̀rẹ̀. A kì í bú àna. A kì í gbóhùn sókè sí àna. Ohunkóhun tí àna bá ṣe, a ó dúpẹ́ ni. Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni Tíṣà, tí ń tú Gẹ̀ẹ́sì fún wa, mi kanlẹ̀, ó ní àwọn ará Góòlù Kóòsì ti gbá a wọlé. Bàbá Súlè fò dìde. "Àwọn ọmọ..."

"Súlè!" Ìyá Àgbà wí.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. A rí i bó ṣe ń lọ ní ọ̀fun rẹ̀. "Àwọn ọmọ dáadáa," ó wí. "Ẹ kú iṣẹ́ o, àna."

Àwọn obìnrin hó. Wọ́n tún gbá òmíràn wọlé. "Ẹ kú iṣẹ́, àna." Ìgbà tí àyò di mẹ́ta, ohùn Bàbá Súlè ti ń rẹlẹ̀, ìgbà tó di mẹ́rin, ó bi ìyá rẹ̀ léèrè pé, "Ìyá, ṣé àna kì í ṣàánú ni?" Ìyàwó rẹ̀ àgbà dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà lọ́hùn-ún pé, "Ṣé nígbà tí ẹ wá fẹ́ mi ní Ègbè, ẹ ṣàánú baba mi?" Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá orin sílẹ̀, orin tí kò sí láyé kí ó tó di ọ̀sán ọjọ́ yẹn:

Ọkọ wa, ẹ rọra o,
Ẹsẹ̀ àna kò mọ eré,
Ẹ kí wa, ẹ tún wa kí,
A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ará Ákírà tún gbá a wọlé, ni nǹkan kan sì ṣẹlẹ̀ sí Ajúwà. Ó fò sókè. Ó kígbe ní èdè rẹ̀, ọ̀rọ̀ gígùn kan tó dún bí omi tó já lórí àpáta. Láti ọyẹ́ tí ó ti dé, a kò gbọ́ èdè yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Gbogbo wa yíjú. Òun náà gbọ́ ara rẹ̀, ó sì dúró gbagidi.

Bàbá Súlè ní, "Ajúwà, kí lo wí?"

Ó kúnlẹ̀. "Mo ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, Bàbá. Mo ní ó tó."

Àwọn ọkùnrin pàápàá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo bi í ohun tí ó wí gan-an. Ó wò mí, ó ní, "Ọkọ mi eléyín-funfun, ṣé bí mo bá sọ fún ọ, o kò ní sọ fún Bàbá Súlè nínú sàréè? Mo ní kí wọ́n fi kún un."

Wọ́n fi kún un lóòótọ́. Nígbà tí ó parí, a ti dẹ́kun kíkà. Mo rántí pé Bàbá Súlè jókòó, ó di orí mú, ó ń wo igi ìbẹ́pẹ tí wáyà so mọ́. Ó dùn ún. Ó ti fẹ́ kí àwọn ọmọkùnrin mọ́kànlá yẹn borí. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ eré lásán ni. Mo rò pé ọjọ́ yẹn gan-an ni ó di ọmọ Nàìjíríà, nítorí ohun tí kò bá ti dun ni kì í ṣe tẹni. Ìyá Àgbà jẹ́ kó jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àna wá. A fún wọn lómi. Wọ́n gba ìdọ̀bálẹ̀. Kí ló kù?"

Bàbá mi ló dá a lóhùn: "Ọ̀wẹ̀."

"Ìyá," Bàbá Súlè wí, "ṣé kí a ru ọkọ́ lọ sí Kùmásí ni?"

"Ilẹ̀ mi létí odò," Ìyá Àgbà wí. "Láti òní lọ, oko baba Ajúwà ni."

Ilẹ̀ òwú rẹ̀ ni. Ibẹ̀ ló ti ń ká òwú tó ń ran, tó ń pa láró, tó ń hun. Ọkọ rẹ̀ ló fún un nígbà tí ó bí ọmọ àkọ́kọ́. Láti ọdún náà lọ, lọ́jà ni ó ti ń ra òwú rẹ̀ bíi gbogbo èèyàn, n kò sì gbọ́ kí ó mẹ́nu bà á rí. Mo ti rí àwọn tó lówó tí wọ́n fi ilẹ̀ tọrẹ, tí wọ́n pe gbogbo ìlú jọ kí wọ́n tó fi tọrẹ. Mo máa ń rántí obìnrin tó fi gbólóhùn kan ṣe é, tó sì ní kí wọ́n wá gbé igbá omi kúrò nílẹ̀ kí ọmọdé má baà dà á nù.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà, kí ìrì tó gbẹ, àwọn ọkùnrin ilé wa ti wà létí odò. Àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá Súlè wá láti Ìyárá, nítorí ọ̀wẹ̀ àna kì í ṣe iṣẹ́ ọkùnrin kan. "Okun o!" "Okun!" ni gbogbo oko ń dún. Wọ́n tò ní ìlà, wọ́n ń kọ ebè, ilẹ̀ pupa ń yí, Bàbá Súlè wà níwájú, ó ń kígbe pé kí ẹnikẹ́ni má fi erùpẹ̀ bo koríko fún òun o, pé àna òun ní ojú títí dé òkèèrè. Lọ́sàn-án, Àǹtí Fátí ló gbé oúnjẹ wá, nítorí ọmọ ilé obìnrin ló ń gbé oúnjẹ lọ sí oko àna. Ajúwà jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú àwọn ìyá wa bí olóko. Àǹtí Fátí sọ ẹrù kalẹ̀, ó kúnlẹ̀. Ó ṣòro fún un, mo rí i lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ dáadáa. "Ẹ wá gba oúnjẹ, ẹ̀yin àna wa." Ajúwà dìde, ó gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, òun náà sì kúnlẹ̀, àwọn méjèèjì wà lórí orúnkún tí ìkòkò ọbẹ̀ wà láàárín wọn, títí Ìyá Ìkòyí fi ní, "Ẹ dìde ná, ebi ń pa àwa ará Kùmásí."

Kò sẹ́ni tó bi Ajúwà bóyá ó ṣì ń lọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà pàṣẹ fún gbogbo wa pé ẹni tó bá la ẹnu bẹ̀ ẹ́, òun á bá a jà. "Ohun tó tọ́ sí i la ṣe. A kò ṣe é kí a fi so ó mọ́lẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ọjà ṣe mọ́. Ọkọ̀ Mọ́mọ̀ dé, ó fọn fèrè níwájú ilé, àwọn àgbò kan ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ìyá wa jáde, wọ́n tún aṣọ ró láti sin ín dé títì, bí ó bá ń lọ. Ìyá mi kò lè wo iwájú.

Ajúwà ti ẹ̀yìn ilé jáde. Ọkọ́ wà léjìká rẹ̀, iṣu kókò wà nínú agbọ̀n lórí rẹ̀, ẹrẹ̀ sì ti dé orúnkún rẹ̀.

"Ìyàwó, a ti ń pẹ́ o!" Mọ́mọ̀ kígbe. "Ẹrù rẹ dà?"

"Okun o, Mọ́mọ̀. Ẹ máa lọ. Ẹ bá mi sọ fún àwọn oníṣòwò ní Ìlọrin, kí wọ́n bá mi sọ fún baba mi ní Kùmásí, pé àwọn àna rẹ̀ ti wá ro oko rẹ̀. Kó má bínú sí mi. Oko kì í dá wà, èmi ni mo ń bá a gbin ín."

Mọ́mọ̀ yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀. "Baba rẹ tó wà ní Kùmásí? Ó ní oko ní Kàbà?"

"Létí odò," Ajúwà wí, ó sì ti ń lọ. "Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."